Bàbá Ti Kà Á

Ọjọ́ tí wọ́n fi ètò kọ̀ǹpútà tuntun lọ́lẹ̀ nílé ìwé wa ní Ìkirè, wọ́n fi bíréèlì kọ àkọlé sára bánà. Inú ẹni tó sọ fún mi dùn débi pé ó fà mí lọ́wọ́ lọ síbẹ̀ kí n lè fọwọ́ kàn án. Mo fọwọ́ kàn án. Ó ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́ bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ọ̀dà ni wọ́n fi ya àwọn àmì náà, ojú nìkan ló lè rí i, àwọn tó sì ní ojú níbẹ̀ kò mọ̀ ọ́n kà. Mo bi ọ̀gbẹ́ni náà pé kí ni wọ́n kọ. Ó ní òun ò mọ̀, pé ṣe bí èmi ni mo mọ bíréèlì.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá irú àwọn èèyàn báyìí ṣiṣẹ́. Afọ́jú ni mí láti kékeré, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún ìfọ́jú mi ní orúkọ dídùn nítorí pé ojú ń ti òun fúnra rẹ̀. Olùkọ́ ni mí. Àpòmù ni mò ń gbé, Ìkirè ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọlọ́kadà kan ló ń gbé mi lọ tó sì ń gbé mi bọ̀. Ó máa ń pariwo bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé adití ni mí. "Àǹtí, we don reach o!" Gbogbo èèyàn ẹ̀bá ọ̀nà á sì mọ̀ pé a ti dé.

Iyàrá kan wà nílé ìwé wa tí à ń pè ní iyàrá bíréèlì, èmi ni mo ń darí rẹ̀. Olùkọ́ á tẹ iṣẹ́ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì sínú kọ̀ǹpútà, ètò kan nínú kọ̀ǹpútà náà á sọ ọ́ di bíréèlì, ẹ̀rọ ńlá kan á sì lu kókó wẹ́wẹ́ sára ìwé líle, kí àwọn ọmọ tí ń fi ìka kàwé lè kà á. Ariwo ẹ̀rọ náà pọ̀ ju ti ẹ̀rọ gàrí lọ. Ṣùgbọ́n ètò tó wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn ni gbogbo rẹ̀ dá lé lórí. Òun ló mọ òfin: lẹ́tà wo ni kókó wo, ọ̀rọ̀ wo ni a ń gé kúrú, àmì wo la ń fi ya òǹkà sọ́tọ̀. Bí òfin inú rẹ̀ bá wọ́, ìwé tó máa lù jáde á wọ́.

Gẹ̀ẹ́sì tí a fi bíréèlì kọ ní ìkékúrú rẹpẹtẹ, nítorí bí a bá ní ká kọ gbogbo lẹ́tà sílẹ̀, ìwé kan ṣoṣo á kún àpò ìrẹsì. Tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń gé tirẹ̀ kúrú, ìṣirò sì tún ní àmì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó wá yá, àwọn ilẹ̀ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì fẹnu kò pé kí gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan. Wọ́n ju àwọn ìkékúrú kan nù, wọ́n pààrọ̀ àwọn àmì kan. Àwọn tiwa náà fẹnu kò pẹ̀lú wọn. Ẹnu ni wọ́n fi kò, wọ́n padà sílé lọ sùn. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù àwọn aláṣẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí àwọn tó ń ṣe ìdánwò àṣejáde fi kéde lójijì pé ìbéèrè ọdún yẹn á jáde ní bíréèlì tuntun. Ìgbà yẹn ni oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Ọmọbìnrin kan ni ìkéde náà kàn jù nílé ìwé wa. Òun nìkan ni afọ́jú tó wà ní kíláàsì àṣekágbá. Ó ti jókòó ṣe ìdánwò náà rí, ìṣirò ló já a kulẹ̀, ó tún un ṣe, ìṣirò tún já a kulẹ̀. Òfin ló fẹ́ kà ní yunifásítì, ẹnu rẹ̀ sì tó bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń dá oko kòkó ní Ararọ̀mí-Òwu, kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ náà ti sú u. Ó wá bá mi nílé ní Àpòmù, ó ní: "Olùkọ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n eléyìí ló kẹ́yìn o. Bí kò bá bọ́ sí i, mò ń mú un lọlé ni. Á jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi, á máa bó ẹ̀gúsí." Ọmọ náà wà níbẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti gbé iṣẹ́ sórí ara mi. Mo wá òfin bíréèlì tuntun náà látòkèdélẹ̀, mo fi ọwọ́ ara mi gún un sórí ìwé fún un, mo sì ń bá a kà á ní gbogbo ọ̀sán. Bó bá fi àmì àtijọ́ kọ nǹkan, màá gbá tábìlì. Kò pẹ́ tó fi gbàgbé ti àtijọ́ pátápátá. Inú mi dùn sí i, mi ò ní purọ́. Ọmọ tó mọ̀wé ń wu èèyàn.

Ìyẹn ni tèmi. Ti ọ̀gá ilé ìwé wa yàtọ̀. Mo kàwé gboyè lórí ẹ̀kọ́ àwọn aláìríran, mo sì mọ kọ̀ǹpútà débi pé àwọn olùkọ́ olójú méjì ló ń gbé tiwọn wá kí n bá wọn wò ó. Ọ̀gá kò bi mí léèrè. Ó ní iṣẹ́ fífi òfin tuntun sínú kọ̀ǹpútà tóbi, pé ó gba ẹni tó ríran. Ló bá lọ mú ọkùnrin kan wá láti Ìbàdàn, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, tí mo gbọ́ òórùn lọ́fínńdà rẹ̀ kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Màdáámù," ó ní, "èdè àwọn afọ́jú yín yìí, ṣé ó máa ń pẹ́ kéèyàn tó gbọ́ ọ?"

Mo ní kì í ṣe èdè. Mo ní Gẹ̀ẹ́sì náà ni, ìka la fi ń kà á. Ó ní ó yé òun. Kò yé e. Nígbà tó máa tún sọ̀rọ̀, ó ní òun ti ń wá ẹni tí á bá òun túmọ̀ rẹ̀.

Ọ̀sán kan ṣoṣo ló fi ṣe iṣẹ́ náà, dòdò Ìkirè ló sì ń jẹ bó ṣe ń ṣe é. Nígbà tí mo dé ìdí kọ̀ǹpútà mi, epo pupa ti gba orí kíbọ́ọ̀dù. Ó ní òun ti gba òfin tuntun náà sílẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, òun sì ti fi sínú ètò wa. Mo bi í pé ṣé ó ti yọ ti àtijọ́ kúrò.

"Ìyẹn ò pọn dandan, Màdáámù. Tuntun á bo àtijọ́ mọ́lẹ̀."

"Ìṣirò ńkọ́? Fáìlì ọ̀tọ̀ ni òfin ti ìṣirò."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. A máa tẹ́ẹ̀sì ẹ̀."

Ó wá ń wá ohun tó máa fi tẹ́ẹ̀sì ẹ̀. Ẹlòmíràn á wá ìwé ìròyìn, á wá ìwé ìṣirò, á wá nǹkan tí òǹkà àti ọ̀rọ̀ ṣòro-ṣòro wà nínú rẹ̀. Tiẹ̀ kọ́. Ó gbójú sókè, ó rí àdúrà ilé ìwé wa tí wọ́n kọ sára ògiri gbọ̀ngàn. Àdúrà gígùn ni, lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó dá ilé ìwé náà sílẹ̀ ló kọ ọ́ láyé àtijọ́. Gbogbo wa là ń kà á láràárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Ọmọ tó bá lo ọdún kan pẹ̀lú wa á máa sọ ọ́ lójú oorun. Kò sí òǹkà kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Àdúrà yẹn ni ọkùnrin náà tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, tí ẹ̀rọ sì lù jáde, tí wọ́n ní kí Bàbá kà.

Ó yẹ kí n sọ ẹni tí Bàbá jẹ́. Òun ni afọ́jú àkọ́kọ́ tó kọ́ ènìyàn ní bíréèlì ní agbègbè wa, láti Ìkirè títí dé Ìkòyí ẹ̀gbẹ́ Àpòmù. Òun ló di ìka èmi náà mú, tó gbé e lé orí ìlà àkọ́kọ́ tí mo kà láyé mi. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n kò yéé wá sí iyàrá bíréèlì, òun ló sì ń yẹ gbogbo iṣẹ́ wò kó tó jáde. Bí ó bá ti ka ìwé kan, tó ní ó dára, ó parí. Ẹnikẹ́ni tó bá tún un kà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti bú u. Kò sí ibi tí wọ́n kọ òfin náà sí, ṣùgbọ́n gbogbo wa là ń pa á mọ́. Bí ọmọ bá ní ìlà kan kò yé òun, à ń sọ fún un pé Bàbá ti kà á. Bí olùkọ́ bá ń ṣiyèméjì, Bàbá ti kà á. Ọ̀rọ̀ náà ń pa ẹnu mọ́ ju kọ́kọ́rọ́ lọ.

Ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ náà ni mo ti mẹ́nu bà, ọjọ́ bánà. Àwọn èèyàn láti káńsù wá. Pásítọ̀ ṣe àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run la ojú wa. Ààfáà kan ṣe ti ìparí, òun náà ní kí Ọlọ́run la ojú wa. Mo ṣe àmín fún àwọn méjèèjì, mo sì ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀ kí Ọlọ́run la tiwọn. Láàárín àdúrà méjèèjì ni wọ́n gbé ìwé náà fún Bàbá. Ó dìde, ó gbé ọwọ́ lé e, ó sì kà á. Kò kọsẹ̀, kò dúró, ohùn rẹ̀ ń dún ketekete. Ibi tó yẹ kó rẹ ohùn sílẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ń sunkún. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n fi ọkùnrin Ìbàdàn náà sáàárín èmi àti Bàbá, ó sì di apá wa mú bí ẹni pé òun ló bí wa.

Wọ́n fún àwa olùkọ́ ní ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Mo jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, kì í ṣe nítorí pé mo fura, ìka mi ni kò lè rí ìwé kó má kà á. Ìlà àkọ́kọ́ ti bàjẹ́. Ìkékúrú tí wọ́n ti jù nù wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n dá sí náà wà níbẹ̀, wọ́n wé mọ́ra. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jẹ́ "comfort", ìtùnú, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìsopọ̀, ó wá dà bí ìdajì ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan gé sílẹ̀ tó sì bá tirẹ̀ lọ. Àmì òǹkà wà níbi tí kò sí òǹkà. Mo kà á títí dé ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó lè ka ìwé yẹn ketekete. Èèyàn á dúró níbẹ̀, á béèrè, á bínú.

Mo lọ bá Bàbá ní fàráńdà. Ó ń mu omi.

"Bàbá, ẹ forí jì mí o. Ìwé tí ẹ kà yẹn ò dáa."

"Ta ló ní kò dáa?"

"Èmi ni, Bàbá. Àtijọ́ àti tuntun ló dà pọ̀ nínú ẹ̀. Mo ti kà á."

Ó gbé ife omi sílẹ̀, ohùn rẹ̀ ti le. "O tún ìwé tí mo kà kà?"

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Níṣojú gbogbo ìlú ni mo ti kà á. Wọ́n gbọ́. Ìwọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́, ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi ní bíréèlì? Máa lọ."

Mo lọ. Inú bí mi débi pé mo gba ẹ̀gbẹ́ ọlọ́kadà mi kọjá láìmọ̀, ó ní láti pariwo pè mí padà. Mo ka Bàbá sí agbéraga tí àpọ́nlé ti gun orí rẹ̀. Mo rò pé ó mọ̀ pé ìwé náà kò dáa, tó fi gbé e mì nítorí àtẹ́wọ́. Mo bú u lọ́kàn mi láti Ìkirè títí mo fi dé Àpòmù, àwọn orúkọ tí mo pè é kò ṣeé kọ sílẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìdánwò àṣewò dé. Nílé ìwé wa, ẹni tí kò bá yege ìṣirò nínú ìdánwò àṣewò, wọn kì í forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ti àṣejáde, kó má baà ba orúkọ ilé ìwé jẹ́. Ètò tuntun náà ni wọ́n fi lu ìbéèrè ọmọbìnrin wa. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde. Ọ̀gá ní kò pọn dandan, pé ètò náà dára, pé Bàbá ti kà á.

Ọjọ́ tí olùkọ́ ìṣirò ń máàkì, ẹ̀rín rẹ̀ ni mo gbọ́ nínú iyàrá àwọn olùkọ́. Ó ń pe àwọn tó kù kí wọ́n wá wò ó. Ìbéèrè kan wà nípa páìpù tó ń gbé omi jáde láti Àṣéjìrẹ́, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà kan àti ìdámẹ́rin. Olùkọ́ náà kọ ọ́ báyìí: 1.250. Ọmọbìnrin wa ti ṣe ìṣirò rẹ̀ bí ẹni pé páìpù náà fẹ̀ tó ẹgbẹ̀fà mítà ó lé àádọ́ta. "Páìpù yìí á gbé gbogbo Ìkirè mì!" olùkọ́ náà ní, àwọn yòókù sì ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìbéèrè tí pọ́ìntì wà nínú rẹ̀ ló gbà lódì.

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ti yé mi kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín tán. Kókó tí bíréèlì àtijọ́ ń lò fún pọ́ìntì, òun náà ni tuntun ń lò fún kọ́mà tí ń ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀. Ọkùnrin Ìbàdàn yẹn kò fọwọ́ kan fáìlì ìṣirò rárá. Ìbéèrè jáde pẹ̀lú àmì àtijọ́, ọmọ tí mo ti gba àtijọ́ kúrò lórí rẹ̀ sì kà á bó ṣe yẹ kí ẹni tó mọ tuntun kà á. Mo lọ bá ọ̀gá, mo ṣàlàyé fún un, mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ó mí kanlẹ̀. "Màdáámù, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn ọmọ yẹn. Ṣùgbọ́n ṣé kọ̀ǹpútà ló ń fìdí rẹmi ni, àbí ọmọ tó ti fìdí rẹmi rí? Bàbá fúnra wọn ló ka nǹkan yẹn níṣojú wa."

Ó ti ránṣẹ́ pe bàbá ọmọ náà láti Ararọ̀mí-Òwu. Ọkùnrin náà dé pẹ̀lú àpò ńlá kan fún ẹrù ọmọ rẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ń tú u ká, àpò ike ni, ó ń dún wóró-wóró. Mo ní kí ọ̀gá fún mi ní ìwọ̀nba àsìkò díẹ̀, kó jẹ́ kí Bàbá wá sí ọ́fíìsì rẹ̀, kó ka ìbéèrè yẹn níwájú wa. Mo ní bí Bàbá bá lè kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ní yíǹkì, kí ọmọ máa lọ. Ọ̀gá gbà, mo rò pé nítorí kí n lè dákẹ́ ni.

Mo fẹ́ kí èyí yé ẹni tó ń kà mí. Mi ò pe Bàbá wá kó lè ràn mí lọ́wọ́. Mo pè é kí ojú lè tì í. Mo mọ̀ pé ìwé ìṣirò kì í ṣe àdúrà, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n sórí, mo sì ti ń fojú inú wo bí á ṣe máa wọ́lẹ̀ wá ọ̀rọ̀. Ọmọ náà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọwọ́ rẹ̀ tutù. Bàbá rẹ̀ dúró, ó kọ̀ láti jókòó. Olùkọ́ ìṣirò mú ẹ̀dà tirẹ̀ dání kó lè fi wé ohun tí Bàbá bá kà.

"Bàbá," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ka ìbéèrè ti páìpù."

Ó gbé ọwọ́ lé ìwé náà. Mo gbọ́ ìró ìka rẹ̀. Ó lọ láti òpin kan dé èkejì, ó padà, ó tún lọ. Ó wá rọra ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń wá ẹyọ owó nínú iyanrìn. Ó dúró. Nínú ọ́fíìsì náà, fáànù nìkan ló ń dún.

"Bàbá?" ọ̀gá ní.

"Mi ò rí i kà."

"Ṣé kò hàn dáadáa ni, Bàbá?"

"Ọwọ́ mi ti kú," Bàbá ní. "Ìtọ̀ ṣúgà ni. Ó ti pẹ́ tí ìka mi ò ti mọ nǹkan kan mọ́. Bíréèlì ni o, pépà lásán ni o, ọ̀kan náà ni lọ́wọ́ mi." Ó gbé ìwé náà kúrò lórí itan rẹ̀. "Àdúrà yẹn, orí ni mo fi sọ ọ́. Èyí tó wà nínú ìwé, mi ò mọ̀ ọ́n."

Gbogbo ẹ̀gàn tí mo ti kó sẹ́nu sílẹ̀ dúró síbẹ̀, kò rí ibi jáde. Ẹni tó kọ́kọ́ fi ìwé hàn mí láyé kò lè kàwé mọ́, ó sì ń wá sọ́dọ̀ wa lójoojúmọ́, ó ń jókòó láàárín ìwé, ó ń gbé ọwọ́ tó ti kú lé wọn, ó ń sọ pé ó dára. Àwa náà ń dúpẹ́. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó bi í rí pé kí ló wà ní ìlà kẹta.

Bàbá yíjú sí ibi tí àpò ike ti ń dún. "Bàbá ọmọ, ẹ má mú un lọ. Ohun tó wà níbẹ̀ gan-an lọmọ yín kà. Nínú gbogbo wa, òun nìkan ló kà á."

Mo gbọ́ tí bàbá ọmọ náà ń ká àpò rẹ̀ padà. Ó bi ọmọ rẹ̀ bóyá ó ti jẹun. Ọmọ náà ní rárá, ni àwọn méjèèjì bá jáde lọ wá nǹkan jẹ.

Kí ni ọ̀gá kọ́kọ́ sọ nígbà tí ilẹ̀kùn padé? Ó ní a ní láti wá àgbàlagbà mìíràn tí á máa bá wa yẹ iṣẹ́ wò. Mo dìde, mo bá ọ̀nà iyàrá bíréèlì lọ. Èèyàn lè ní ojú méjì àti ọ́fíìsì tó ní fáànù, kó sì wà bẹ́ẹ̀.

Èmi ni mo tún ètò náà ṣe. Ọkùnrin Ìbàdàn kò gbé fóònù rẹ̀ mọ́. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní gbogbo ìgbà tí iná bá wà, tí kò bá sí, mo ń bẹ ẹni tó ń ṣọ́ jẹnẹrétọ̀. Mo yọ òfin àtijọ́ kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo to tuntun bó ṣe yẹ, èyí tó gùn ṣáájú èyí tó kúrú, nítorí bí kúrú bá ṣáájú, á gbé apá kan ọ̀rọ̀ gígùn lọ. Mo sọ pọ́ìntì di pọ́ìntì. Mo lu ìwé, mo kà á, mo jù ú nù, mo tún un lù. Mo ka ìwé ìṣirò, mo ka ìwé ìròyìn, mo ka bí wọ́n ṣe ń lo oògùn kòkó. Mi ò fọwọ́ kan àdúrà.

Wọ́n fún ọmọ náà ní ìbéèrè ìṣirò mìíràn, ó yege, wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó jókòó ṣe ìdánwò àṣejáde, ó sì bọ́ sí i. Kì í ṣe pé ó ta gbogbo ayé yọ nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n ó tó, òfin ló sì ń kà báyìí. Ní ìpàdé òpin ọdún, ọ̀gá dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ ọkùnrin Ìbàdàn. Bàbá kò wá sí iyàrá bíréèlì mọ́. Mo máa ń yà kí i, mo sì máa ń kàwé fún un. Bí mo bá sáré kà, á ní kí n padà sẹ́yìn, nítorí ó ṣì ń gbọ́ ibi tí èèyàn bá ti fò.

Èmi ni mo ń yẹ iṣẹ́ wò báyìí. Lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ tí olùkọ́ kan ń dá ọmọ kan lóhùn nílé ẹ̀kọ́, ó ní, "Kò sí àṣìṣe níbẹ̀, Àǹtí ti kà á." Mo pariwo lé e lórí débi pé ó rò pé mo ń ṣàìsàn. Mo gbé òfin kalẹ̀: ìwé èyíkéyìí tí mo bá kà, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kà á lẹ́yìn mi. Wọ́n ní wọ́n ti gbọ́. Àwọn ọmọ ń sá fún un, àwọn olùkọ́ kò mọ̀ ọ́n kà.

Nígbà tí ọmọbìnrin wa wá fún ìsinmi láti yunifásítì, ó yà kí mi. Ara mi yá gágá. Mo ní ó tún dé lásìkò, mo gbé ìbéèrè ìṣirò àwọn ọmọ kíláàsì ìsàlẹ̀ fún un, mo ní kó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

"Àǹtí, ṣé ẹ ti kà á?"

"Mo ti kà á. Ìwọ ni kó kà á báyìí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ha, Àǹtí. Ẹ ti kà á, kí lèmi tún fẹ́ kà níbẹ̀?"

"Kà á, mo ní."

Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ó jókòó pẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ó dáa, Àǹtí. Kò sí àṣìṣe kankan." Láti ìgbà tó ti gba ìwé náà ni mo ti ń tẹ́tí, mi ò gbọ́ ìró ìka rẹ̀ rárá.